Bí ọlọ́pàá ṣe lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ láìsọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ di àgọ́ ọlọ́pàá

Lọ́dún 2015, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ South Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin kan mú fóònù jáde nínú kíláàsì. Wọ́n ní kó gbé e sílẹ̀, kò dáhùn. Wọ́n ní kó jáde, kò dìde. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dé, ó ṣì jókòó síbẹ̀. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọgbà. Ọlọ́pàá yìí gbá a mú lórí ìjókòó, ó dojú àga dé tòun ti ọmọ, ó sì wọ́ ọ nílẹ̀ lọ síwájú kíláàsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ká gbogbo rẹ̀ sínú fídíò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ayé ti rí i, wọ́n sì ti lé ọlọ́pàá náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Látorí ọ̀rọ̀ fóònù yìí ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí ìbọn lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀bẹ, kò sí ẹni tó jalè. Fóònù ni. Lójú mi, àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ kí ọlọ́pàá tó fọwọ́ kan ọmọ. Ìgbà tí àwọn àgbà gbà pé ọ̀rọ̀ fóònù lè di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni nǹkan ti wọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́pàá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sílé ẹ̀kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ gbà wọ́n sínú ọgbà yín. Òfin ibì kan kò jọ ti ibòmíràn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin ibi tí ẹ wà sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ níbi tí ọmọdé àti aṣọ ọlọ́pàá bá ti pàdé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ tó wọ ọgbà

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lónìí, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀gá tiyín náà lè fẹ̀yìn tì. Kí ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá jókòó, kí wọ́n kọ ọ́, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fún òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀dà tí kò ní àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ òfin nínú. Àwọn nǹkan tí mi ò ní gbà kí wọ́n fò nínú rẹ̀ nìyí:

- Ta ló ń pàṣẹ fún ọlọ́pàá nígbà tó bá wà nínú ọgbà? Ta ló lè ránṣẹ́ pè é, nítorí kí ni?
- Àkọsílẹ̀ wo nípa ọmọ ló lè rí, èwo ni kò gbọ́dọ̀ rí?
- Ìgbà wo ni wọ́n gbọ́dọ̀ pe òbí, ta ni yóò sì pè é?
- Ìbọn àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n á wà lára rẹ̀, àbí wọ́n á wà ní títì pa?
- Bí ọlọ́pàá bá ṣi agbára lò, ọ̀dọ̀ ta ni òbí yóò gbé ẹ̀sùn lọ?

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti kọ, bíi pé ẹni tó bá kọ ọ́ ti ń ro ibi sí ọlọ́pàá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí kò sọ ibi tí a ó ti gbọ́ ẹjọ́ ọmọ kò tíì parí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó tún un yẹ̀ wò síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló kéré jù.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fa ìlà sáàárín àìgbọràn àti ìwà ọ̀daràn

Orí ìlà yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ọmọ tó pẹ́ dé, ọmọ tí aṣọ rẹ̀ kò bá ìlànà mu, ẹni tó pariwo, tó bú olùkọ́, tó sá kúrò ní kíláàsì, tó rọ̀ mọ́ fóònù: olùkọ́ àti òbí ló ni wọ́n. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè yín sí irú rẹ̀, ẹ fi sùúrù sọ fún ẹni tó pè yín pé kì í ṣe iṣẹ́ yín. Inú lè bí i. Àárẹ̀ ti mú olùkọ́ tó bá ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá nítorí ọmọ aláriwo, ìrànlọ́wọ́ ló sì ń wá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rù ọlọ́pàá lè pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí olùkọ́ ní níwájú àwọn ọmọ yẹn máa ń bá a pòórá.

Ọmọ tó gbé ìbọn wá, ẹni tó ń ta oògùn olóró, ẹni tó fipá bá ẹlòmíràn lò, ẹni tó lu ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ débi tí eegun fi ṣẹ́, àgbàlagbà tó ń dọdẹ ọmọ lẹ́nu géètì: tiyín nìyẹn. Ibẹ̀ ni kí ẹ má ti gbà kí ilé ẹ̀kọ́ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ rere.

Àárín méjèèjì ni wàhálà wà. Ọmọ méjì jà, ètè ẹnì kan bẹ́. Ẹnì kan gbé bàtà eré ìdárayá ẹnì kejì lọ. Ẹnì kan kọ ọ́ sórí fóònù pé òun máa pa lágbájá. Ìbéèrè kan wà tó máa ń là mí lọ́yẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀: ká ní kò sí ọlọ́pàá nínú ọgbà yìí rárá, ṣé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìbá pe àgọ́ ọlọ́pàá nítorí èyí? Bí kò bá ní pè, kí ẹ̀yin náà fà sẹ́yìn. Wíwà nítòsí yín kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀ràn kékeré di ẹjọ́. Ti ìhalẹ̀ orí fóònù, ẹ má fojú kéré rẹ̀, ẹ má sì sáré fi òfin gbé ọmọ. Ẹ jókòó pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, ẹ wádìí bóyá ó ní ohun ìjà nítòsí, bóyá ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́, bóyá ẹnì kan ló ń fòòró òun gan-an.

Ọmọbìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó da ilé ẹ̀kọ́ rú, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan náà kan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dìde sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ. Wọ́n padà fagi lé ẹ̀sùn méjèèjì. Nígbà tó di 2018, ìpínlẹ̀ yẹn tún òfin náà ṣe kí wọ́n má lè fi mú akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó fa ìlà tó yẹ kó ti wà nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ ọmọdé

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú olè lè má mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ọdún méjìlá sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà fún àwọn ọlọ́pàá ilé ẹ̀kọ́, National Association of School Resource Officers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ní ọlọ́pàá ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe: agbófinró, olùkọ́, àti olùdámọ̀ràn. Wákàtí 40 ni ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń fún wọn. Kò pọ̀, àmọ́ ó sàn ju kí èèyàn wọlé láìmọ nǹkan kan. Bí kò bá sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ bẹ olùkọ́ àgbà kan kó jẹ́ kí ẹ máa jókòó lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ máa wo bó ṣe ń pa ariwo rẹ́ láìgbé ohùn sókè.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ gidigidi fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa lè máa lọ nígbà tí ẹ bá ń pè é, kó dà bíi pé ó ń fojú di yín. Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ìpèníjà ọpọlọ tó ń mú kí ìbárasọ̀rọ̀ nira, lè má wo ojú yín, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jà bí ẹ bá gbá a lápá mú lójijì. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí wárápá kì í ṣe ọ̀mùtí. Kò dìgbà tí ẹ bá ka ìwé àìsàn wọn. Ẹ kàn bi olùkọ́ wọn pé: kí ni kí n ṣe bí mo bá rí i tí ọkàn rẹ̀ dàrú, kí sì ni mi ò gbọ́dọ̀ ṣe?

Ìgbésẹ̀ 4: Kí wọ́n mọ̀ yín lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan kan

Láti àwọn ọdún 1950 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífi ọlọ́pàá sílé ẹ̀kọ́ yìí ní ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n ń wá ni kí àárín ọ̀dọ́ àti ọlọ́pàá gún. Ìdí iṣẹ́ náà nìyẹn, kò sì lè ṣẹlẹ̀ bó bá jẹ́ ọjọ́ ìjà nìkan ni ọmọ ń rí yín.

Ẹ tètè dé. Ẹ dúró lẹ́nu géètì kí aago tó lù, kí ẹ máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́ orúkọ márùn-ún lójúmọ́, kí ẹ sì máa pè é bí olórúkọ ṣe ń pè é. Ọmọ tí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ á bojú wẹ̀yìn. Ẹ rìn káàkiri lásìkò ìsinmi, ẹ má kó sínú ọ́fíìsì. Bí ẹ bá fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ wá ìjókòó kí ojú yín lè bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó dúró gàgàrà tí ìgbànú rẹ̀ wà níwájú imú ọmọ, bó bá ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ pàápàá, ìgbànú ni ọmọ ń wò.

Ẹ wá àwọn tó ń dá jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ rí wọn. Kí ẹ sì kí àwọn tí ìlú ń pè ní ìpáǹle bí ẹ ṣe ń kí ẹni tó ń gba ipò kìíní, ní ohùn kan náà. Àwọn ọmọ máa ń wò ó.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá sọ̀rọ̀ ní kíláàsì

Ní 1983, ọlọ́pàá ìlú Los Angeles àti àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dá ètò D.A.R.E. sílẹ̀, níbi tí ọlọ́pàá aláṣọ ti ń wọ kíláàsì kọ́ ọmọ láti kọ oògùn olóró. Ètò náà tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àwọn olùwádìí fara balẹ̀ wò ó láàárín àwọn ọdún 1990, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí láàárín lílo oògùn àwọn ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ náà àti àwọn tí kò gbà á kò tó nǹkan. Àwọn tó ni ètò náà padà yí ẹ̀kọ́ wọn. Ìwàásù ló pọ̀ jù nínú ti àtijọ́, àwọn ọmọ kò sì rí àyè fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí ọ̀rẹ́ bá nawọ́ oògùn sí wọn.

Nítorí náà ẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ẹ gbé àpótí kan kalẹ̀ kí wọ́n máa ju ìwé sínú rẹ̀ láìkọ orúkọ, nítorí ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni ojú ń tì wọ́n láti béèrè. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ dájú fún wọn: ohun tí òfin sọ nípa fífi àwòrán ìhòòhò ẹlòmíràn ránṣẹ́ lórí fóònù, ohun tí wọ́n lè ṣe bí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró lójú títì, ẹni tí wọ́n lè sá bá bí ilé kò bá fara rọ. Kí olùkọ́ má kúrò ní kíláàsì.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ọmọ bá wá bá yín pé òun ní ọ̀rọ̀

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lásìkò tí aago bá ti lù tí àwọn yòókù ti ń wọlé. Ọmọ á ní, "Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ẹ má ṣèlérí. Ẹ sọ fún un pé, "Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣe ìròyìn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń ṣe ọ́ léṣe, mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó lè dá a dúró, wàá sì mọ ẹni tí mo bá sọ fún." Àwọn kan á dákẹ́ nígbà náà. Púpọ̀ nínú wọn á sọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ẹlòmíràn ti lè rí yín ṣùgbọ́n tí kò lè gbọ́ yín. Ẹ má bá ọmọ dá wà nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe wà nínú rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" tó. "Ṣé bàbá rẹ ló ṣe é?" kò dára, nítorí ẹ ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, títí kan orúkọ tó pe ẹ̀yà ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀, ẹ dúró níbi tó bá dúró, kí ẹ gbé e lé ọwọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kò yẹ kí ọmọ tún ọgbẹ́ yẹn ṣí níwájú àgbàlagbà mẹ́fà.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ó bá di pé kí ẹ bi afurasí ọmọ léèrè

Ní North Carolina, ọlọ́pàá aláṣọ wọ kíláàsì, ó mú ọmọ ọdún 13 kan jáde lọ sínú yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá méjì àti òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ méjì ló jókòó tì í, ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí àwọn ohun tí wọ́n jí kó nílé àwọn èèyàn. Wọn ò pe ìyá rẹ̀ àgbà tó ń tọ́ ọ. Wọn ò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó lè dákẹ́ tàbí pé ó lè dìde máa lọ. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, J.D.B. ni wọ́n fi pe ọmọ náà nínú ìwé. Ní 2011 ilé ẹjọ́ ọ̀hún sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ orí ọmọ sí bí wọ́n bá ń wò ó bóyá ó mọ̀ pé òun lè kúrò níbẹ̀. Ohun tí ìyá ọmọ èyíkéyìí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kó má jáde ní kíláàsì láìgbàṣẹ, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun lè dìde níwájú àgbàlagbà mẹ́rin?

Ẹ tẹ̀ lé e báyìí. Ẹ pe òbí tàbí alágbàtọ́ kí ẹ tó bi í ní ohunkóhun tó lè di ẹ̀rí, kí ẹ sì dúró dè é, àyàfi bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu ní ìṣẹ́jú yẹn. Kí ọlọ́pàá kan ṣoṣo béèrè. Ẹ sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́, kí ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" kì í ṣe ẹ̀rí pé ó yé e. Ẹ má purọ́ fún un pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Ọmọ tí ẹ̀rù bá bà máa ń jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe kí wọ́n lè jẹ́ kó lọ sílé.

Ti yíyẹ àpò wò náà gba ìṣọ́ra. Àpò ọmọ kì í ṣe àpò lásán. Pẹ́ńsùlù tí wọ́n ti jẹ ìdí rẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́tà tí kò tíì láyà láti fi fún ẹni tó kọ ọ́ sí wà níbẹ̀, oògùn àìsàn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ sí wà níbẹ̀. Ẹ má dà á sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá ni kí ẹ ti ṣe é, níṣojú òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, kí ẹ sì bá a to ẹrù rẹ̀ padà. Ti aṣọ bíbọ́, ẹ má tilẹ̀ dábàá rẹ̀. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kan náà dá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Arizona lẹ́bi pé wọ́n yẹ ara ọmọbìnrin ọdún 13 wò dé inú aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ nítorí oògùn ìrora.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju kí ẹ mú un

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, èyí tí wọ́n gbà wọlé ní 1989, sọ ní abala 37 pé gbogbo ọ̀nà yòókù gbọ́dọ̀ tán kí wọ́n tó mú ọmọ, kí àkókò tí yóò lò ní àtìmọ́lé sì kúrú bó bá ti lè kúrú tó. Ẹ dúró kí àwọn yòókù wọ kíláàsì. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹ má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọmọ tí kò bá yín jà. Kí olùkọ́ kan tí ọmọ náà fẹ́ràn bá a rìn dé ìdí ọkọ̀. Bó bá padà dé, ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kí i lẹ́nu géètì.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ ibi

Ọjọ́ yìí lè má dé láé, síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọgbà náà bí àtẹ́lẹwọ́ yín: ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta, kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ta, ibi tí fóònù kì í ti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìpakúpa ilé ẹ̀kọ́ Columbine ní 1999 ni wọ́n ti ń kọ́ ọlọ́pàá pé bí ẹnì kan bá ń yìnbọn pa ọmọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kò gbọ́dọ̀ dúró de ikọ̀ mìíràn. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Uvalde, ìpínlẹ̀ Texas, loṣù karùn-ún ọdún 2022, ọlọ́pàá pọ̀ nínú ilé náà, ó sì ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó wọ yàrá tí apànìyàn wà. Akẹ́kọ̀ọ́ 19 àti olùkọ́ 2 ló kú. Kí àdéhùn yín sọ ẹni tí yóò pàṣẹ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi dánra wò pẹ̀lú àwọn olùkọ́. Bó bá kan àwọn ọmọ, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ìdánrawò ni. Ẹ má fi ìbọn òfìfo tàbí ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá dẹ́rù bà wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ ka ohun tí ẹ ṣe

Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ìwé jáde. Ìgbà mélòó ni wọ́n pè yín? Nítorí kí ni? Àwọn ọmọ wo ni orúkọ wọn ń jáde léraléra, ṣé ọmọ àdúgbò kan náà ni wọ́n, ẹ̀yà kan náà, àwọn tó ní ìpèníjà? Bí ìdá tó pọ̀ nínú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àìgbọràn, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 2. Ẹ bi àwọn ọmọ náà pẹ̀lú, lórí ìwé tí kò ní orúkọ. Ní ìlú Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ fòpin sí ètò ọlọ́pàá ilé ẹ̀kọ́ ní 2017 lẹ́yìn tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan ní ọkàn wọn balẹ̀ pé ọlọ́pàá wà níbẹ̀, àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, sì ní ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń ṣọ́ àwọn. Bí ẹ bá béèrè, kí ẹ ṣe tán láti gba ìdáhùn tí kò dùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé yín lọ síbòmíràn, ẹ má kàn kó ẹrù yín lọ. Ẹ mú ẹni tó fẹ́ gbapò yín lọ sẹ́nu géètì ní òwúrọ̀ mẹ́ta léra wọn, kí ẹ máa pe àwọn ọmọ lórúkọ kó máa gbọ́. Ẹ sọ ẹni tó ń dá jókòó fún un. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí ọmọ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewu, ẹ mú un lọ pẹ̀lú ara yín. Ọmọ náà ló máa pinnu bóyá òun á sọ ọ́ fún ẹni tuntun.